Ohùn Tó Dáhùn Lẹ́yìn Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta mú apá ọ̀tún Máyọ̀wá lónìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ẹ̀jẹ̀ wà lára síkẹ́ẹ̀tì mi, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Mi ò lè kọ ju báyìí lọ.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gé apá náà lókè ìgúnpá. Láyí ọkọ mi ló bu ọwọ́ lùwé, torí pé ìyá wọn kò lè di bírò mú. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, Máyọ̀wá ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, mo sì ń rí eyín rẹ̀ tó funfun. Eyínafẹ́ ni mo ń pè é láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọ ilé wọn. Àbúrò Láyí ni, mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń kọ Máyọ̀wá. Bí ìyá wọn bá rí i, wọ́n á ní ojú mi ti là jù.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta funfun lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé, tó fi ń kúnná bí ẹ̀lùbọ́ fún àwọn tó ń ṣe táìlì. Òun wà nídìí ẹ̀rọ, èmi ń tọ́jú sítọ̀. Lánàá, òkúta kan há sí ẹ̀rọ lẹ́nu, wọ́n pa á, Máyọ̀wá sì wọ inú rẹ̀ lọ láti fi irin yọ òkúta náà. Dúrójayé ló wà nídìí súìṣì. Ògiri wà láàárín wọn, ẹnì kan kò lè rí ẹnì kejì. Aago tó yẹ kí wọ́n máa lù ti bàjẹ́ láti àsìkò Àjíǹde, nítorí náà igbe ni wọ́n ń ké síra wọn. Ẹni tó wà nídìí súìṣì á ní, "Ṣé kí n tàn án?" Ẹni tó wà nínú á kọ́kọ́ jáde, á sì ní, "Òo." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti oṣù mẹ́fà nìyẹn, àwa náà sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ wa gbọ́ Èkìtì.

Dúrójayé ní òun pè, òun sì gbọ́ "Òo" kí òun tó tẹ súìṣì. Kí wọ́n tó gún Máyọ̀wá lábẹ́rẹ́ oorun, ó sọ fún Láyí pé òun kò gbọ́ ìpè kankan.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó wá ọ̀nà yí i padà nínú orí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọjá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn mú, ibẹ̀ sì yá ju kí n yí gbogbo ọgbà po. Mo rí ẹ̀yìn Máyọ̀wá láàárín irin, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ti òkúta. Kí ni ìyàwó ilé máa ṣe tó bá rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́? Mo ní, "Eyínafẹ́, ẹ kú uṣẹ́ o." Ó ní, "Òo." Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mi ò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí mo sì gbọ́ igbe.

Kò sí irọ́ lẹ́nu Dúrójayé. Ó gbọ́ "Òo" lóòótọ́. Èmi ni Máyọ̀wá ń dá lóhùn; ìkíni mi ló bo ìpè Dúrójayé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti òwúrọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá Tóbi, máníjà wa, pe gbogbo wa jọ sábẹ́ páànù. Ó ní òun ti ní kí Dúrójayé máa lọ jókòó sílé ná, pé ó dájú pé fóònù ló ń tẹ̀ nígbà tó tan ẹ̀rọ. Dúrójayé dúró níbẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó ní àpò ni fóònù òun wà. Ó ní òun pè, ẹnì kan sì dá òun lóhùn. Ọ̀gá bi wá bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wo bàtà mi. Mo ka ihò okùn rẹ̀, mẹ́fà ní ọ̀tún, mẹ́fà ní òsì. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, àwọn èèyàn ti ń túká.

Ìwé mẹ́ta tí mo kọ láti béèrè aago tuntun ṣì wà nínú fáìlì ní sítọ̀. Ọ̀gá kò buwọ́ lu ìkankan. Mo yọ wọ́n wò, mo tún dá wọn padà. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Láyí kó gbogbo wa lọ sí àdúrà. Ọjọ́ keje ààwẹ̀ wọn nìyí. Wọ́n ní kí oníkálukú dárúkọ ọ̀tá rẹ̀ síwájú Ọlọ́run. Ìyá dárúkọ Dúrójayé, wọ́n dárúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi Ìsàn tó jẹ́ ìlú rẹ̀ kún un, kí áńgẹ́lì má baà ya ilé ẹlòmíràn. Gbogbo wa ní Àmín. Ọmọ mi Ìyìnolúwa fà mí láṣọ, ó ní, "Mọ́mì, mi ò gbọ́ tiyín." Mo tún un ṣe kó lè gbọ́. Ara mi ń gbọ̀n títí a fi délé, Láyí rò pé ibà ni, ó ra oògùn fún mi. Mo lò ó.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ. Wọ́n ní kì í ṣe èèyàn ló dá Dúrójayé lóhùn. Wọ́n ní òkè tí a ń gbẹ́ ló dáhùn, pé iwin inú òkúta ni, pé ó ti mọ ohùn wa torí igbe tí a ń ké lójoojúmọ́. Ọpẹ́olúwa tó ń rán ẹnu àpò ní òun náà gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òun lọ tọ̀. Ó bura. Mo wò ó lójú, mo rí i pé ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ọ̀gá Tóbi pe pásítọ̀ kan láti Oye pé kó wá ta òróró sí ẹ̀rọ. Inú ọ̀gá dùn, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ aago. Ó sàn fún un kó jẹ́ iwin, torí iwin kò ní fáìlì nínú sítọ̀.

Mo dúró sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń kọrin. Èmi ni iwin tí wọ́n ń lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

Kò sẹ́ni tó ń dáhùn mọ́ níbi iṣẹ́. Bí o bá pe èèyàn, á rìn wá bá ọ kó tó lanu, kí iwin má baà kọ́ ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ń falẹ̀. Èmi náà ò lè kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́ mọ́. Lónìí mo kọjá lára àwọn obìnrin tó ń ṣa òkúta láìkí wọn, mo sì gbọ́ tí ọ̀kan ní, "Ìyá Ìyìn ti di ẹni ńlá." Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi nìyí, mo wá ń sá fún un bí ẹni sá fún ejò.

 

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Máyọ̀wá ti délé. Ó ń gbé yàrá iwájú. Ó ń rẹ́rìn-ín sí Ìyìnolúwa, ó ní òun yóò máa fi apá tó kù ṣe iṣẹ́ méjì, nítorí náà kí ọ̀gá fi owó kún owó òun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní ìka tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ń yún òun, ó bi mí bóyá mo lè bá òun họ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ṣí omi sílẹ̀ kó lè máa pariwo, mo sì sunkún débi tí mo lè sun ún dé.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé tí Ìyá bá pè é láti yàrá wọn, á dáhùn pé, "Òo." Ohùn yẹn gan-an ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo pàdé Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Dúrójayé, lọ́jà Ìkọ̀lé. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. Mo rò pé ìjà ló fẹ́ bá mi jà, ó kàn béèrè àlàáfíà Máyọ̀wá, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá wọn kí Ìyá. Ó rù.

Ó ní wọ́n ti yẹ etí Dúrójayé wò ní ọsibítù, dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyẹn ló wá dá kún ọ̀rọ̀. Bí etí bá pé, wọ́n ní orí ni kò pé. Wọ́n ti gbé e lọ sí orí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ nà án kí ohùn náà lè jáde. Kò sùn mọ́. Kí wọ́n tó gbé e lọ, wọn kò jẹ́ kó gbé ọmọ nílé. "Ìyá Ìyìn," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "ó ti ní bóyá òun lòun dá ara òun lóhùn."

Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ fún un nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Láyí lẹ́yìn ìsìn. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ló ń máàkì. Ó gbọ́ ọ tán, ó dé bírò rẹ̀, ó béèrè ẹni tó tún mọ̀. Mo ní kò sí. Ó ní kó má sí náà. Ó ní ọ̀gá kò tíì buwọ́ lu ìwé apá àtọwọ́dá tí wọ́n ṣèlérí fún Máyọ̀wá, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó ilé rẹ̀ ló fà á, wọ́n á ní kí ilé wa lọ tọ́jú ara wa.

Mo ní wọ́n ń na Dúrójayé.

Ó ti ìwé ìdánwò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, "Títí, apá kan ṣoṣo ló kù fún àbúrò mi. Tí o bá sọ̀rọ̀, ṣé ìwọ lo máa fún un ní ìkejì?" Kì í ṣe ìbínú ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Eruku òkúta àti ti ọyẹ́ ti dàpọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti dá Dúrójayé padà wálé láti orí òkè, wọ́n ní ó ti sàn torí pé kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kọkànlá

Máyọ̀wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé. Ìyá ti lọ síbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ẹ̀: ọ̀nà ẹ̀yìn, oòrùn, ìkíni, "Òo" tó sọ.

Kò dá bírò dúró. Ó kọ M, ó kọ a.

"Ùyàwó mi, mo mọ̀," ó ní. "Ọjọ́ kejì ní ọsibítù ni mo ti rántí."

Ó ní òun rò pé tí Ìyá bá gbọ́, wọ́n á lé mi jáde nílé, pé kí ni Ìyìnolúwa á wá dà. Ó ní òun rò pé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ Dúrójayé, pé ọkùnrin tó lágbára bẹ́ẹ̀ á rí òmíràn. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ òkè àdúrà fún un, mo sọ ti ìgbálẹ̀, mo sọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó lé ọkùnrin yẹn lórí, oníkálukú ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàánú ìkejì rẹ̀. Ó ní kí n lọ bá a, kí n má jẹ́ kó ju ọ̀la lọ. Ó ní tó bá ṣe pé ara òun le dáadáa láti jókòó nínú mọ́tò, òun ì bá bá mi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kọkànlá

Mo wọ takisí dé Oye, mo gun ọ̀kadà dé Ìsàn. Ọlọ́kadà gba ẹgbẹ̀rún méjì, ó ní kí n lọ bi àwọn tó ń ta epo. Mi ò bá a ná an. Gbogbo ara mi ló ti funfun fún eruku nígbà tí mo débẹ̀.

Dúrójayé wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, ó ń yí kòkó tí wọ́n sá. Ó fi òwú dí etí méjèèjì. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè, mo fọwọ́ júwe pé kó yọ òwú náà. Ó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Mo sọ ọ́.

"Ẹ dúró," ó ní. Ó pe Àbẹ̀kẹ́, ó pe bàbá rẹ̀ tó ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní, "Ẹ tún un sọ lójú wọn."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó bi mí bí Máyọ̀wá ṣe dáhùn, pé kí n ṣe é bó ṣe ṣe é gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ bí Máyọ̀wá ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun, bí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Òo."

Ó jókòó sórí kòkó. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ohùn tí mo gbọ́ ni," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Orí mi pé, Àbẹ̀kẹ́. Orí mi pé."

Bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra níbẹ̀, lórí kòkó. Àbẹ̀kẹ́ kò sunkún. Ó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ti mọ̀. Mo ní mẹ́fà ààbọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tọ́ sí mi. Mo rìn dé títì kí n tó rí ọ̀kadà.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kọkànlá

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo mú un fún Ọ̀gá Tóbi. Ìwé aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ara mi yá, ó ní ìbànújẹ́ máa ń mú kéèyàn rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n mú lẹ́tà mi padà, ilé-iṣẹ́ kò ní gbàgbé mi. Mo ní mo ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Adó. Ó ní kí n lọ kó ẹrù mi. Ẹrù mi kò ju agboòrùn àti ife kan lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kọkànlá

Láyí ló sọ fún Ìyá kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Wọ́n wọ ilé ìdáná wá, wọ́n gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń ro ọbẹ̀ náà lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Láyí ń sùn ní yàrá Máyọ̀wá. Ó ní torí kó lè bá a tọ́jú egbò ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kejìlá

Ọpẹ́olúwa wá kí mi. Ó ní àwọn ará Adó dé, wọ́n ti ẹ̀rọ pa fún ọjọ́ mẹ́ta, aago tuntun sì ti wà lára ògiri. Wọ́n pe Dúrójayé padà, ó ní òun kò wá, òun á máa ṣe kòkó. Ti apá àtọwọ́dá Máyọ̀wá, ilé-iṣẹ́ ní àwọn ṣì ń wò ó. Ọpẹ́olúwa kò fẹ́ wò mí lójú. Ó ṣì gbà pé iwin wà níbẹ̀, ó ní bóyá ó kàn lo ẹnu mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Dúrójayé wá sílé wa lọ́sàn-án, òun àti bàbá rẹ̀. Ìyá wà ní pálọ̀. Wọn kò ní kí àwọn àlejò wọlé, wọn kò sì ní kí wọ́n má wọlé. Mo ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná, mi ò jáde, torí kò sẹ́ni tó pè mí.

Mo gbọ́ ìró àga nígbà tí Máyọ̀wá sún mọ́ Dúrójayé.

"Mo pè ọ́," ni Dúrójayé wí.

"Mi ò gbọ́ ìpè rẹ," ni Máyọ̀wá wí, "àmọ́ mo dáhùn."

"Mo gbọ́ ọ."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sunkún, mi ò sì mọ èwo ni. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni ohun tí wọ́n ní láti bá ara wọn sọ. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ tí mo fi dúró láàárín wọn.